Búùtà Pupa Lójú Ọ̀nà Ṣakí

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo ti ṣílẹ̀kùn kí ó tó dúró tán. Inú ìlú Ṣakí gan-an ni, níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́bàá iléèwé, ní ọ̀sán gangan, tí àwọn ọmọ ń ra góbà lọ́wọ́ obìnrin kan. Kò sí ohun tó lè ṣe mí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ tí ẹ́ńjìnì dákẹ́ lójijì, ẹsẹ̀ mi kan ti kanlẹ̀, ọwọ́ mi sì ti di báàgì mi mú. Mẹ́káníìkì wa tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fà mí lápá padà.

“Ìyá Ìbejì, ẹ jókòó! Kò kú o. Bátìrì ló gbà á lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì.”

“Ó dákẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dákẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á tún sọ̀rọ̀.”

Mo tẹ̀ ẹ́, ó sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì fi ìbòrí mi nu ojú.

Háíbíríìdì ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnì níwájú bíi ti gbogbo ọkọ̀, ó tún ní bátìrì ńlá kan lẹ́yìn, àwọn méjèèjì á sì máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bí obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Bí ó bá ń rọra rìn tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ́ńjìnì á sinmi, bátìrì á máa gbé e lọ láìdún. Tòkunbọ̀ ni tèmi, ó sì ti dàgbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ibi tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀, àti irú ẹni tó lò ó, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ọkọ mi ló rà á fún mi. Ẹni tó tà á fún un búra pé ọkọ̀ náà kì í jẹ epo.

Kò parọ́. Epo bẹntiróòlù ni kì í jẹ. Epo kejì ló ń jẹ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ìdákẹ́ ẹ́ńjìnì fi ń já mi láyà bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ ọ́ ní ṣókí, nítorí n kì í fẹ́ sọ ọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wọ ọkọ̀ èrò láti ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, mò ń padà bọ̀ sí Ṣakí. Láti ìgbà tí a ti gbéra ni ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà ti ń kàn gbà-gbà-gbà bí ẹni ń lu páànù. Awakọ̀ ní kò sí nǹkan kan, a ó dé. Nígbà tó yá, ó kàn lẹ́ẹ̀kan tó le, ó sì dákẹ́. Ó ti gan. Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Mo yà sínú oko ọkà bàbà kan láti lọ tọ̀, ohun tó gbà mí nìyẹn. Ibi tí mo lóṣòó sí ni mo wà tí mo gbọ́ ìró ìbọn, tí mo sì gbọ́ igbe. Mo dojú bolẹ̀. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da àwọn tí a jọ wọkọ̀ wọ igbó bí ẹni da ẹran. N kò gbórí sókè títí tí ẹyẹ fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àwọn tí wọ́n kó lọ padà wálé nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn, àwọn tó sì padà kò padà bí wọ́n ṣe lọ.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti wọ ọkọ̀ èrò mọ́. Ìyá mi sì wà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, kò gbà láti kúrò nílé ọkọ rẹ̀, n kò sì lè pa á tì. Nítorí náà ni mo ṣe kọ́ ọkọ̀ wíwà ní àgbà mi. Mo ṣe òfin kan fún ara mi: n kò ní dúró lójú ọ̀nà yẹn láé. Bí mo bá ti fi ilé tó kẹ́yìn ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí sílẹ̀, n ó tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Bí mo bá ń súnmọ́ ibẹ̀, ibi oko ọkà bàbà yẹn, n kì í wo ọ̀tún, n kì í wo òsì. Ọrùn mi á gan, èémí mi á sé, títí n ó fi rí òrùlé páànù abúlé tó wà níwájú.

Kò pẹ́ tí a ra ọkọ̀ náà tí mẹ́káníìkì fa géèjì ọ́ìlì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ lọ́jọ́ kan. Ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ, ó wá wò mí lójú.

“Ìyá Ìbejì, ọkọ̀ yín ń jẹ epo o.”

Inú bí mi. “Ẹni tó tà á ní kì í jẹ epo.”

“Epo wo?”

“Epo!”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Bẹntiróòlù ni tiẹ̀ yẹn. Ọ́ìlì lèmi ń wí.”

“Ó ń jò ni?”

“Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rí ẹ̀kán kan? Kò jò. Ó ń jẹ ẹ́ ni. Ríǹgì inú rẹ̀ ti gbó, ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé síbi tí iná wà, iná ń jó o dànù.”

“N kò rí èéfín kankan.”

“Níbo lẹ ó ti rí i? Ìgbà tí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá dúró, tó yẹ ká rí èéfín rẹ̀, tiyín ti sùn. Ó gbọ́n ju olè lọ. Àfi láàárọ̀, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, kí ẹ yára bojú wẹ̀yìn.”

Nígbà tó gbọ́ bí mo ṣe ń sáré lójú ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ó mi orí. Ó ní ọkọ̀ tí ríǹgì rẹ̀ ti gbó, bí a bá ṣe ń lé e tó ni yóò ṣe máa mu ọ́ìlì tó. “Kí n sọ òótọ́ fún yín? Ẹ̀rù yín ló ń jẹ ọ́ìlì yẹn.” Ó ní a ó tú ẹ́ńjìnì náà wò bí àyè bá yọ, ṣùgbọ́n kí àyè tó yọ, kí n máa gbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì kan sẹ́yìn ọkọ̀ nígbà gbogbo. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n: ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà, kí n sì rí i pé mo ti pa á pátápátá, nítorí pé bó bá kàn dákẹ́ lásán, ó lè jí mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti tẹ orí ba inú rẹ̀.

Mo ń ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe wí. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó sọ pé ọkọ̀ náà fẹ́ràn ni mo rà. Inú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò, irú èyí tí òróró máa ń wà nínú rẹ̀. Nílé wa, tọkọtaya àti ọmọ, “epo Ìyá Ìbejì” la ń pè é.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fẹ́ pa mí.

Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún ìyá mi ní Ṣakí tẹ́lẹ̀, ó ku ojú òsì. Dókítà ní kí n mú un wá. Mo lọ sùn ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kí a lè jọ gbéra lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kí wọ́n lè rí i láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Bí ẹ bá mọ àwọn ìyá wa, ẹ ó mọ̀ pé wọn kì í lọ síbì kan lọ́wọ́ òfo. Ó di iṣu, ó di èlùbọ́, ó di ẹ̀wà, ó ní ti ọkọ mi nìyí, ti àwọn ìbejì nìyẹn. Kí iṣu lè rí àyè, mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo sì wí fún ìyàwó àbúrò mi tó ń gbé pẹ̀lú ìyá:

“Ìyàwó, má gbàgbé epo mi o. Bí ẹ bá to iṣu tán, gbé e padà sẹ́yìn ọkọ̀.”

“Mo ti gbọ́, ọkọ mi.”

Mo wọn ọ́ìlì nínú ọgbà kí a tó lọ. Géèjì fi hàn pé ó kù dáadáa. Àgbàlá ìyá mi da gẹ̀rẹ́, orí àpáta ni ilé náà wà, ọkọ̀ sì dà síwájú bí ẹni tó fẹ́ kírun. N kò rántí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títẹ́jú. Iwájú ni mo ń rò, ojú ọ̀nà.

Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú. Bí a ṣe kúrò láàárín ìlú, mo tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá ń sọ̀rọ̀ ẹnìkan tó kó èlùbọ́ rẹ̀ lọ tí kò padà wá kí i, mò ń dáhùn “hẹn, hẹn”, n kò gbọ́ ohun kankan. Ojú mi wà lára igbó. Koríko ti gbẹ, ó ga ju ènìyàn lọ. A ti fi Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí sílẹ̀ dáadáa, a kò sì tíì dé ibẹ̀, nígbà tí ìyá mi dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró.

“Ìyá Ìbejì.”

“Ìyá.”

“Ọkọ̀ yìí, ṣé Mùsùlùmí ni?”

“Kí lẹ rí?”

“Búùtà ni mo rí o. Wọ́n gbé búùtà pupa kan síwájú rẹ níbẹ̀. Àyìlá ti tó, ó ní ká lọ ṣe àlùwàlá.”

Mo wo ibi tí iná ìkìlọ̀ ti máa ń tàn níwájú mi. Lóòótọ́, búùtà ni: ikùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tó gùn, àti ẹ̀kán kan tó ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó pọ́n bí ojú ẹni tó bínú. Mẹ́káníìkì ti fi àwòrán náà hàn mí rí. Ohun tó wí ni pé, ọjọ́ tí mo bá rí eléyìí, kí n pa ọkọ̀ níbi tí mo bá wà. Kí n má sọ pé n ó dé iwájú. Ọ́ìlì ti tán nìyẹn, bí mo bá sì fi wà á, ẹ́ńjìnì á gan.

Mo mọ ohun tí à ń pè ní gígan. Èmi gan-an ni kí ẹ bi.

N kò mọ bí ènìyàn ṣe lè ro ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ fi ń gun òkè kan. Òfin mi ní kí n má dúró. Búùtà ní kí n dúró. Ìyá mi jókòó tì mí, ojú kan ṣoṣo ló fi ń wo ayé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè sáré wọ oko ọkà. Bí mo bá sá lọ, ta ni n ó fi í sílẹ̀ fún? Ohun tó mú mi dúró ni pé bí mo bá fúnra mi dúró, mo ṣì lè tún lọ. Bí ó bá gan, kò sí lílọ mọ́. Mo jẹ́ kó gun òkè náà dé orí, níbi tí mo ti lè rí ọ̀nà níwájú àti lẹ́yìn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú. Mo pa á. Mo ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ ìyá mi, mo sì bọ́ sílẹ̀.

Bóńẹ́ẹ̀tì gbóná débi pé mo fi ìbòrí mi gbé e. Mo fa géèjì yọ: ó gbẹ bí igi ìdáná. Mo sáré lọ sẹ́yìn, mo yí iṣu sápá kan, mo fa kẹ́ẹ̀gì jáde, mo ṣí i. Òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ kàn mí. Òórùn ilé ìdáná ni. Mo da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Epo pupa.

Epo pupa gidi, tó dì díẹ̀ nísàlẹ̀. Ìyá mi ti ń sọ láti àná pé òun ó fún mi ní epo tí òun tọ́jú. Mo wí fún ìyàwó pé kó gbé epo mi sọ́kọ̀, ó sì gbé epo mi sọ́kọ̀. Kò ṣẹ̀ mí.

Mo jókòó sórí bọ́ńpà. Fóònù mi dún níbi tí mo jókòó sí, mo sì gbé e. Ìyàwó àbúrò mi ni.

“Ọkọ mi, ẹ kú ìrìn. Òróró tí ẹ fi sílẹ̀ fún wa yìí…”

“Má fi í se nǹkan kan!” Mo pariwo. “Kì í ṣe òróró! Ti ọkọ̀ ni!”

“Háà! Mo mà ti dà á sínú agbada.”

“Ṣé ẹ ti jẹ ẹ́?”

“Ẹ̀yin náà! Bí mo ṣe gbé e kaná, ó ń rùn bí ilé mẹ́káníìkì. Mo ní òróró Ṣakí yìí ti bàjẹ́ o, mo gbé e síta. Ṣé ẹ ti dé…” Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mo pè é, kò wọlé. Mo pe mẹ́káníìkì, kò wọlé. Mo pe ọkọ mi, kò wọlé.

Ìyá mi ń gbá wíńdò. “Ṣílẹ̀kùn fún mi! Ṣé adìyẹ ni mí ni? N ó kírun.”

Mo ṣí i. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ẹ́ńjìnì.

“Epo náà kọ́ nìyí? Rọ ọ́ sí i.”

“Ìyá, epo pupa ni.”

“Èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ńkọ́, kí ni àwọ̀ tiẹ̀? Ẹni tí ebi ń pa kì í yan oúnjẹ.”

“Ẹ́ńjìnì máa bàjẹ́ ni.”

“Ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ kí o tó rí mi.” Ó bu omi láti inú ike, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlùwàlá bí ẹni tó wà lágbàlá ara rẹ̀.

Ibi tó kírun tán sí, tó ń ka tẹ̀sùbáà, ni mo ti gbọ́ ẹ̀rọ kan nínú igbó. Ìró rẹ̀ ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà, koríko ń mì, mo rí orí ọkùnrin, orí mìíràn, ọ̀kan gbé àdá. Mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, mo ń wo ìyá mi.

Ìyá mi kò dìde. Láti orí aṣọ tó tẹ́ sílẹ̀ ló ti gbé ohùn sókè, ohùn tí wọ́n fi ń pe ènìyàn láti oko sí oko:

“Ẹ kú oko o! Ẹ kú iṣẹ́ o!”

Ìró ẹ̀rọ náà rẹlẹ̀.

“Hóò! Ẹ kú ìsinmi o, ìyá! Ṣé kò sí?”

Ìyá mi yíjú sí mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ẹni tó wá fún ibi kì í dáhùn ‘ẹ kú oko’. Simi.”

Katakata ni. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló ń wà á, àwọn méjì tó ń bá a túlẹ̀ sì ń fẹsẹ̀ rìn níwájú, wọ́n ń fi àdá la ọ̀nà fún un. Ara wọn funfun fún eruku. Onírùngbọ̀n náà bọ́ sílẹ̀.

“Kí ló ṣe ọkọ̀ yín, ìyá?”

“Ó gbé búùtà jáde pé ká kírun,” ni ìyá mi dáhùn. “A ti kírun tán, kò sì gbéra.”

Àwọn tó gbé àdá bú sẹ́rìn-ín. “Ó ti gba kálímà nìyẹn! Ẹ sọ ọ́ lórúkọ!”

Mo rí i pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní ọ́ìlì ló tán, mo ní a ṣèèṣì gbé epo pupa. Onírùngbọ̀n náà wo inú kẹ́ẹ̀gì mi, ó wò mí, ó rọra fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun ní ọ́ìlì katakata lábẹ́ ìjókòó, tuntun ni, ṣùgbọ́n ó ki. Mo ní ọkọ̀ mi kì í mu èyí tó ki, mẹ́káníìkì ti kìlọ̀. Ó ní kí n pè é. Mo ní kò wọlé. Ó na fóònù tirẹ̀ sí mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn ló ń lò, ó sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni. Ìyá Ìbejì. Búùtà pupa ti tàn, mo ti pa á.”

“Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ! Ẹ da ọ́ìlì sí i.”

“Epo pupa ni mo gbé.”

“Epo… èyí tí a fi ń jẹ iṣu?”

“Òun ni.”

“Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é. Ẹ má rọ ọ́ o!”

“Mo ti wí fún un,” ni ìyá mi sọ, ẹni tó ní kí n rọ ọ́. Mo bi mẹ́káníìkì nípa ọ́ìlì katakata. Ó bi mí bóyá ó mọ́. Ó ní kì í ṣe èyí tó yẹ kó mu, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfo lọ. Kí n rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí n máa fi géèjì wò ó, kí ó má kọjá àmì òkè. Kí n máa rọra bọ̀, bí mo bá dé, òun á dà á nù, òun á fi tuntun sí i.

Onírùngbọ̀n ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ bọ̀. Mo ní kí ni kí a fún un. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé ènìyàn kì í ta omi fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n ó ń wo epo wa. Ó ní àwọn ti ń fi iyọ̀ jẹ iṣu sísun ní oko láti ọjọ́ mẹ́ta.

“A ó fún ẹ lépo,” ni ìyá mi wí. “Ìgò kan fún ìgò kan.”

“Ìyá, ẹ ṣeun.”

“Má tíì dúpẹ́. Wọn tìrẹ ká rí i.”

Ó gé orí ike omi kan, ó fi wọ̀n ọ́n. Ọ́ìlì náà ki bí oyin, ó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo rọ ọ́, mo dúró, mo fa géèjì, mo nù ún, mo tún wò. Ó tún wọ̀n. Nígbà tó dé ibi tó yẹ, mo ní ó tó.

“Èènì ńkọ́?” ni ìyá mi wí.

“Ìyá, ó ti tó.”

“Mo ní èènì ńkọ́? Èmi ti rọ epo kún ike tirẹ̀ títí ó fi ń dà sílẹ̀. Ẹni tó bá rajà tí kò gba èènì, ṣé ó rajà?”

“Ọ́ìlì kì í gba èènì! Bó bá pọ̀ jù, ó burú.”

“Ohun rere kì í pọ̀ jù.”

Onírùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá itan. Ó ní kí a gbé ike kan dání lọ, kí ó jẹ́ èènì ìyá. Ìyá mi sì gbà á, ó fi ọ̀rá dì í lẹ́nu, ó gbé e sáàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níwájú bí ẹni gbé omi sámúsámù.

Mo tẹ bọ́tìnì. Kò dún. Mo wo àwọn ọkùnrin náà, wọ́n ń wò mí. Mo ti fẹ́ sunkún kí n tó rántí pé ọkọ̀ mi kì í ké bí a bá kọ́kọ́ ṣí i. Mo mú sùúrù. Lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnì gbọn jìgìjìgì lẹ́ẹ̀kan, ó jí, ó sì ń sọ̀rọ̀ bíi tẹ́lẹ̀. Búùtà tàn díẹ̀, ó sì lọ.

“Ó ti kírun tán!” ni ọ̀kan nínú àwọn tó gbé àdá náà kígbe. Wọ́n juwọ́ sí wa títí a fi sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

N kò sáré. Mẹ́káníìkì ní kí n rọra, mo sì ń rọra. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí bí ọ̀nà náà ṣe rí: àwọn tó to èédú sínú àpò sẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé ewúrẹ́ sórí ọ̀kadà. Ojú mi ń lọ síwájú mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wo bóyá búùtà padà wá. Kò padà wá. Ìyá mi ò sì dákẹ́.

“Ike ọkùnrin yẹn kéré. Mo rí i. Ó gé e sísàlẹ̀.”

“Ike kan náà la fi wọn tiyín àti tirẹ̀.”

“Tèmi kún. Tirẹ̀ ní ìfóòfó.”

“Ọ́ìlì kì í hó, Ìyá.”

“Ojú mi ọ̀tún ni mo fi rí i, èyí tí dókítà ti ṣe. Ṣé o fẹ́ jà mí níyàn pẹ̀lú dókítà?”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. N kò mọ ibi tó ti wá. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi, tí mo ní láti fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kí n lè rí ọ̀nà. Ìyá mi ń wò mí, ó ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìfóòfó náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo nu ojú mi tán, mo rí òrùlé páànù tó ń dán nínú oòrùn, mo rí obìnrin kan tó sá èlùbọ́ sórí àpáta. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Mo wo inú dígí ẹ̀yìn.

“Ìyá, níbo la wà yìí?”

“Èwo ni níbo la wà? Ṣé o ò mọ ọ̀nà ilé mọ́ ni?”

A ti kọjá ibi oko ọkà bàbà náà. N kò mọ ìgbà tí a kọjá rẹ̀.